Tábúlẹ́ẹ̀tì Tókunbọ̀ Fún Ilé: Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Ara Wa Sọ Nípàdé

A mọ̀ pé àwọn mìíràn fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ kí wọ́n tó wá, nítorí náà a ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ọ̀rọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì la fẹ́ sọ. Kì í ṣe èyí tí à ń gbé mì nígbà tí orí bá ń fọ́ wa o! Èyí tó dà bíi fóònù, tó fẹ̀ tó ìwé ọmọ iléèwé, là ń wí. Àwọn kan nínú wa ti fi owó àjọ ra á fún ilé. Inú ẹlòmíràn dùn sí i, ẹlòmíràn sì ń káwọ́ lérí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tí a fi ń wá a. Fóònù ọwọ́ wa, ìsọ̀ kejì ni. Òun ni oníbàárà fi ń pè wá, orí rẹ̀ la ti ń rí àwòrán ọjà tuntun, ibẹ̀ náà ni alẹ́ẹ̀tì báńkì ń wọlé sí. Bí a bá délé lálẹ́, ọmọ á gbà á lọ́wọ́ wa. Á fi wo fíìmù, á fi ṣe géèmù, á fi ṣe iṣẹ́ tí tíṣà fi ránṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, bátìrì ti kú. Ìyẹn ṣì kéré. Áàpù báńkì wà lórí fóònù yẹn, ọmọ sì ń wo ọwọ́ wa nígbà tí a bá ń tẹ PIN. Owó tí a fẹ́ fi san gbèsè ọjà kò yẹ kó wà níbi tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti ń ṣeré. Nítorí náà, ẹni tó bá ra ẹ̀rọ kan sọ́tọ̀ fún ilé, kò ya ìnákúnàá lójú tiwa. Owó ọjà rẹ̀ ló ń dáàbò bò.

Àwọn tó ní ọmọ tó ń múra JAMB náà wà níbí. Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ń ṣe ìdánwò yẹn. Tábúlẹ́ẹ̀tì dára fún un láti máa fi dán ìbéèrè wò, kí ojú rẹ̀ lè mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tábúlẹ́ẹ̀tì kì í ṣe kọ̀ǹpútà o, ọmọ ṣì ní láti wá ibi tí yóò ti fọwọ́ kan máòsì kí ọjọ́ ìdánwò tó pé.

Tuntun ti wọ́n jù fún ọ̀pọ̀ wa, dọ́là ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ló bá ku tókunbọ̀. Ẹni tó bá lọ sí Ọ̀tígbà n'Íkẹjà, á gbọ́ orúkọ oríṣiríṣi: UK used, refurbished, Nigerian used. Ẹ̀yin tó ń ta òkìrìkà, ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí jù wá lọ. Ohun tí wọ́n kọ sára béélì lọ́tọ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́tọ̀. Refurbished tòótọ́ ni èyí tí iléeṣẹ́ tó ṣe é, tàbí oníṣòwò tó mọṣẹ́, ti tú wò, tó pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́, tó sì fún un ní wáráńtì. Ní ọjà tiwa, ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn pààrọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n nù ún, wọ́n sì fi ọ̀rá tuntun wé e. Ẹ má ra orúkọ. Wáráńtì ni kí ẹ béèrè, ọjọ́ mélòó, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibi tó ń dun àwọn èèyàn jù la fẹ́ dúró lé díẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ra tirẹ̀ lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó tẹ́ ọjà sẹ́bàá títì. Ó tàn, ó ń ṣiṣẹ́, ó gbé e relé. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ rẹ̀ ṣe ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní reset, pé kó lè yá. Bó ṣe tàn padà báyìí, ó ní kí wọ́n tẹ Gmail ẹni tó kọ́kọ́ ni ín. Ta ló mọ̀ ọ́n? Ó lè wà ní Manchester, ó lè wà l'Ágége níbí. Wọ́n padà sẹ́bàá títì, wọn ò bá ẹnì kankan. Pákó lásán ló wà nílé wọn títí di òní.

Ohun tó fà á nìyí. Google àti Apple fi àgádágodo sínú ẹ̀rọ wọn kí olè má baà rí i tà. Bí wọ́n bá fọ inú rẹ̀, ó máa béèrè olówó rẹ̀. Àwọn kan nínú ọjà mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń fò ó, àmọ́ bí a bá tún un fọ̀, àgádágodo lè padà síbẹ̀. Nítorí náà, nínú ìsọ̀ ni kí ẹ ti ní kí ẹni tó ń tà á ṣe reset lójú yín. Ẹ dúró kó tàn padà, kí wọ́n so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi Gmail tiyín wọlé. Bó bá gbà, ẹ wá sọ̀rọ̀ owó. Bó bá ní kò sídìí fún un, "Màámí, ẹ fọkàn balẹ̀," ẹ dìde níbẹ̀.

Bó bá sì kọ ọ́ sójú pé iléèwé tàbí iléeṣẹ́ kan ló ń darí rẹ̀, ẹ dá a padà. Iléèwé òkè òkun máa ń pín irú rẹ̀ fáwọn ọmọ, okùn rẹ̀ sì lè ṣì wà lọ́wọ́ wọn lọ́hùn-ún.

Ọjọ́ orí rẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ̀rọ lè dán gbinrin kó ti gbó. iPad mini 2 àti iPad Air àkọ́kọ́ ò kọjá iOS 12, áàpù púpọ̀ ò sì gba ìyẹn mọ́. Oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni WhatsApp ṣẹ̀ṣẹ̀ ní áàpù tirẹ̀ fún iPad, kò sì lè wọ irú àwọn àgbà iPad bẹ́ẹ̀. Ti Android, ẹ wọ Settings kí ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀. Èrò tiwa ni pé kí ẹ má ra èyí tí kò tó 10. Fire ti Amazon máa ń pọ̀ nínú tókunbọ̀, owó rẹ̀ a sì máa rọjú, àmọ́ kì í bá Play Store wá láti ilé. Èyí tó bá ń pariwo 512GB ní owó táṣẹ́rẹ́, ẹ rẹ́rìn-ín kí ẹ kọjá.

Ẹ gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì. Bí gíláàsì rẹ̀ bá gbé sókè tàbí tí ẹ̀yìn rẹ̀ wú, bátìrì ti wú, ó sì lè gbiná. Ẹ má fọwọ́ kan irú rẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ fi ìka fa àwòrán káàkiri ojú rẹ̀ kí ẹ mọ̀ bóyá ibì kan ti kú. Ẹ fi fídíò sí i fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ máa wo bí bátìrì ṣe ń wálẹ̀. Ẹ mi wáyà rẹ̀ díẹ̀ níbi tó ti ń gba ṣáájì. Èyí tí kò bá gba síìmù, hotspot fóònù yín ni yóò máa lò, dátà yín ni yóò máa jẹ.

Rìsíìtì pọn dandan. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe láti dáàbò bo oníbàárà ní kí ẹni tó ń ta àlòkù tàbí ohun àtúnṣe sọ ọ́ gbangba pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ sínú rìsíìtì. Èyí tó bá ń gba ìpè, ẹ tẹ *#06#, nọ́ńbà á jáde. Àwọn yòókù, ó wà nínú Settings. Bó bá jẹ́ ẹrù olè, ìwé yẹn lẹ máa fi hàn ní tẹ́ṣàn pé ẹ̀yin rà á ni.

Tó bá délé, ẹ má gbé áàpù báńkì sórí rẹ̀, ẹ má sì tẹ nọ́ńbà káàdì ATM sínú Play Store rẹ̀ rárá. Google ní ohun kan tó ń jẹ́ Family Link, ọ̀fẹ́ ni. Láti orí fóònù yín lẹ ti lè yan wákàtí tí ọmọ máa lò, ẹ sì lè tì í tó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á lóṣù yìí, kó má dá lọ. Kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé. Bí a bá tó márùn-ún, a ó jọ lọ lọ́jọ́ kan náà, ọmọ wa kan tó mọ iṣẹ́ yìí á sì tẹ̀ lé wa. Owó ọkọ̀ rẹ̀ nìkan la máa dá.