Ẹni tí Yóò Gbọ́ Ẹjọ́ Wa: Ta Ni Ó Yẹ kí Ó Yàn án?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Sábó, Ilé-Ifẹ̀



Kò sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí í ṣàdédé fi ẹnì kan ṣe akápò. A óò wádìí ìwà rẹ̀. A óò bèèrè bí ó bá jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wa yóò dìbò, olówó àti tálákà, ìbò kan fún ẹnì kan. Bí a bá ń ṣọ́ra tó báyìí nítorí owó, ǹjẹ́ kò yẹ kí á ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ẹ̀tọ́ wa?

Ní oṣù kẹfà 1981, ní ìlú Nairobi, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà tẹ́wọ́ gba Ìwé Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn. Ní 1983, Nàìjíríà sọ ọ́ di òfin nílé. Ní 1987, Àjọ tí ń bójú tó o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́; Banjul, ní ilẹ̀ Gáḿbíà, ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ènìyàn 11 ni ó wà nínú rẹ̀, ọdún mẹ́fà mẹ́fà ni a sì ń yàn wọ́n fún. Bí ilé ẹjọ́ ilé kò bá gba ènìyàn sílẹ̀, ó lè gbé ẹ̀sùn rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà jìn. Ní 1996, ẹgbẹ́ kan ní Èkó, SERAC, pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan láti Amẹ́ríkà, gbé ọ̀rọ̀ àwọn ará Ògóní lọ sí Banjul, nítorí epo tí ó ba omi àti oko wọn jẹ́. Ní 2001, Àjọ náà sọ pé ìjọba Nàìjíríà jẹ̀bi. Ìjọba kọ́ ni ó gbé ẹjọ́ náà lọ. Ẹgbẹ́ ni, bí àwa náà ti jẹ́ ẹgbẹ́.

Ṣùgbọ́n ta ní ń yan àwọn 11 wọ̀nyí? Ìjọba ni. Ìjọba ní ń fa orúkọ kalẹ̀, àwọn ìjọba náà ní ń dìbò ìkọ̀kọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìjọba yìí gan-an ni a ń fi sùn níbẹ̀. Ẹni tí a pè lẹ́jọ́ ni ó ń yan adájọ́! Ní ìgbà kan rí, àwọn aṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè àti mínísítà wà lára wọn. Àwọn 11 yìí kan náà ní ń yan alága láàrin ara wọn. Bí igi kò bá dára, a kò lè retí èso rere.

Ní 2005, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà kọ̀wé sí àwọn orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n má fa irú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì pe ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò, ẹgbẹ́ obìnrin àti ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Ó dára, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn kì í ṣe òfin. Ìjọba tí kò bá rí ẹni bi í léèrè yóò ṣe bí ó ti wù ú.

Àwa ará Sábó mọ ohun tí à ń sọ. Ní oṣù kẹta 2017, nígbà tí ìjà bẹ́ láàrin Yorùbá àti Hausa níhìn-ín, ẹ̀mí ṣòfò, ṣọ́ọ̀bù jóná. Nígbà tí iná kú tán, ẹni tí yóò gbọ́ tẹ̀gbẹ́-tọ̀tún ni gbogbo wa ń wá. Àwọn àgbà ní: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Kí ni kí á ṣe? Ẹ jẹ́ kí àpapọ̀ ẹgbẹ́ wa máa béèrè, nígbà tí àyè bá ṣí, orúkọ ta ni ìjọba fẹ́ fà kalẹ̀. Kí á ní kí wọ́n kéde rẹ̀ ní gbangba kí ó tó lọ. Kí á wo ohun mẹ́ta: ṣé kò sí lábẹ́ ìjọba? Ṣé ó ti dúró ti aláìlágbára rí? Ṣé ó mọ iṣẹ́ náà? Kí á má sì fi ọ̀rẹ́ tiwa rọ́pò ọ̀rẹ́ ìjọba. Ìyẹn kò yàtọ̀. Kí á fi ọwọ́ so ọwọ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò àti ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́jà, nítorí pé ohùn ẹnì kan kì í dé Abùjá.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.