Adelé àti Ọmọ Ọba ní Bonny

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Port Harcourt ṣe ibùgbé, ìtàn yìí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà yín. Ọba Opubo ti Bonny wàjà ní 1830. Àrẹ̀mọ rẹ̀, William Dappa Pepple, kò tíì tó ọba í jẹ. Madu, tí ó ti ipò ẹrú di olórí ilé, ni ó di adelé. Madu kú ní 1833, ọmọ rẹ̀, Alali, sì rọ́pò rẹ̀. Ọmọ ọba dàgbà, síbẹ̀ agbára kò kúrò lọ́wọ́ adelé.

Ibẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì oníṣòwò epo pupa ti rí àyè wọlé. Wọ́n ti ọmọ ọba lẹ́yìn, Alali sì bọ́ sílẹ̀ ní 1837. Ní 1854, Gẹ̀ẹ́sì kan náà rán ọba ọ̀hún lọ sí ìgbèkùn. 1861 ni ó tó padà. Ní 1869 ìjà ilé méjì di ogun, Jaja sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ tẹ Opobo dó.

Ti China burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún méjì ni Puyi nígbà tí ó gorí ìtẹ́ ní 1908. Ní 1912, opó ọba ni ó bá a fi ìtẹ́ náà sílẹ̀, ìjọba ọba sì parí níbẹ̀. Bonny ṣì ní Amanyanabo títí di òní.

Nínú ẹgbẹ́ yín, ta ni ó ń di ipò mú de ẹlòmíràn, ọjọ́ wo sì ni ìwé òfin ẹgbẹ́ sọ pé kí ó gbé e sílẹ̀?