Ǹjẹ́ Ọmọ Náà Mọ̀ Ọ́n Lúwẹ̀ẹ́ ní Tòótọ́?

Àsọyé fún àwọn tí ń pé jọ sí yàrá ìwé-kíkà

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí omi àti àwọn ọmọ tí ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀tà àti Sàngó-Ọ̀tà.

Bí olùkọ́ kan bá dúró níwájú kíláàsì rẹ̀, tí ó sì béèrè pé, "Ta ni ó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ nínú yín?", ọwọ́ púpọ̀ ni yóò nà sókè. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 10 kì í fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ pé òun kò mọ ohun tí àwọn yòókù mọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó nà sókè nínú kíláàsì kò lè gbé ẹnikẹ́ni léfòó nínú omi. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń pè ní ìlúwẹ̀ẹ́ kò ju pé kí ènìyàn fi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ odò, kí ó máa fi ọwọ́ gbá omi, kí omi sì máa ta sí ojú àwọn tí ń wòran. Níbi tí ilẹ̀ bá ti jìn kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ náà, ibẹ̀ ni ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ pin sí. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ kò tó, ti òbí rẹ̀ kò sì tó pẹ̀lú. Àyẹ̀wò ni kí wọ́n ṣe.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe kékeré. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó kú sínú omi ní ọdún 2021 káàkiri ayé. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ni kò tíì pé ọmọ ọdún 5. Láàárín àwọn ọmọ ọdún 5 sí 14, kíkú sínú omi ni ó wà ní ipò kẹta nínú àwọn ohun tí ń pa wọ́n jù. Bí wọ́n bá sì fi iye òkú wé iye olùgbé, ilẹ̀ Áfíríkà ni ó burú jù. Nítorí irú ikú bẹ́ẹ̀ ni Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè ṣe fi ọwọ́ sí ìpinnu kan ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2021, tí wọ́n sì ya ọjọ́ 25 oṣù Keje sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìlàlọ́yẹ̀ lórí rẹ̀.

Ọ̀tà jẹ́ ìlú Àwórì, omi kì í sì í ṣe àjèjì sí Àwórì. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé Ògúnfúnminíre gbé àwo kan lé ojú omi, ó sì ń tẹ̀lé e bí odò Ògùn ti ń gbé e lọ, títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹrí. Láti inú "àwo rì" ni wọ́n sì ní orúkọ ìran náà ti jáde. Ní ayé àtijọ́, ọmọ tí wọ́n bí sí etí odò kì í ní olùkọ́ mìíràn ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n a dúró níbi tí ó jìn, àbúrò a wà níbi tí kò jìn, ojú ẹ̀gbọ́n a sì wà lára rẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀kọ́ yẹn ti ń parẹ́ ní Ọ̀tà. Láti ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti pọ̀ sí agbègbè náà, àwọn ènìyàn ti ibi gbogbo wá wá oúnjẹ òòjọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń gbé ilé àyágbé ní Sàngó ni òbí wọn kò dàgbà sí etí odò rárá, tí kò sì sí ẹ̀gbọ́n tí yóò mú wọn lọ sí odò. Odò fúnra rẹ̀ sì ti yí padà. Àwọn olùwádìí ti kọ ọ́ sílẹ̀ léraléra pé omi ìdọ̀tí láti ilé-iṣẹ́ ń ṣàn wọ inú odò Atuwara. Olùkọ́ tí ó bá kó ọmọ lọ sínú irú omi bẹ́ẹ̀ láti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, àìsàn ni yóò fi san owó ẹ̀kọ́ náà.

Omi mìíràn tún wà tí kì í ṣe odò. Kànga wà tí etí rẹ̀ kò ga tó orúnkún, tí ó jẹ́ pé páànù ògbólógbòó ni wọ́n fi dé e. Kòtò wà tí wọ́n ti wa yẹ̀pẹ̀ pupa fún iṣẹ́ ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni kò padà wá dí. Ìpìlẹ̀ ilé wà tí owó tán lórí rẹ̀, tí òjò sì ti sọ di adágún. Gọ́tà ńlá ẹ̀bá ọ̀nà a máa gbẹ táútáú ní oṣù Kìíní. Nínú òjò oṣù Kẹfà, ó lè gbé àgbàlagbà lọ. Nínú gbogbo wọn, kòtò yẹ̀pẹ̀ ni ó ń tan ọmọ jẹ jù, nítorí pé omi rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Etí rẹ̀ rí bí ògiri, amọ̀ ibẹ̀ sì ń yọ̀. Ọmọ tí ó bá yọ̀ ṣubú sínú rẹ̀ lè mọ ìlúwẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí ó má sì rí ohun tí yóò dì mú láti jáde.

Nítorí náà, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀, kò sì gba owó. Olùkọ́ yóò pe ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí ìtìjú má bàa fi irọ́ sí i lẹ́nu. Yóò bi í pé: omi mélòó ni ó wà láàárín ilé rẹ àti ilé-ẹ̀kọ́? Èwo ni ó ní ìdérí? Ta ni ń bá ọ lọ pọn omi? Ǹjẹ́ omi ti gbé ọ mì rí? Lẹ́yìn èyí ni yóò béèrè ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù: bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ṣubú sínú omi jíjìn, kí ni ìwọ yóò ṣe?

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò dáhùn pé, "Èmi yóò bẹ́ sí omi, èmi yóò sì fà á jáde." Ìdáhùn akọni ni, ṣùgbọ́n òun náà ni ó máa ń sọ òkú kan di òkú méjì. Ẹni tí omi ń mú kì í mọ ọ̀rẹ́. Yóò di ohunkóhun tí ó bá fara kàn án mú, yóò sì fi orí rẹ̀ ṣe àtẹ̀gùn. Ìdáhùn tí olùkọ́ ń wá ni pé kí ọmọ kígbe pe àgbà, kí ó dùbúlẹ̀ kí ó sì na ọ̀pá sí i, tàbí kí ó ju ohun tí ń léfòó sí i, kí òun tìkára rẹ̀ má sì wọ inú omi. Èyí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Kí wọ́n fa òbìrí kan sórí ilẹ̀ pápá, kí ọmọ dúró ní mítà 5 sí i, kí ó sì ju kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n so okùn mọ́ sínú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo fúyẹ́ jù, atẹ́gùn a máa gbé e lọ. Bí wọ́n bá bu omi díẹ̀ sí i, tí wọ́n sì dé e dáadáa, yóò lọ tààrà, yóò sì léfòó síbẹ̀. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn àlejò tí ó rin ìrìn-àjò kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi igbá ńlá kó èrò àti ẹrù kọjá odò nígbà tí omi bá kún: èrò a rọ̀ mọ́ igbá, òmùwẹ̀ a sì máa tì í lọ. Kẹ́ẹ̀gì ni igbá ti ìsinsìnyí.

Ó yẹ kí ọmọ mọ ohun kan síi, àwọn àgbà pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń kú sínú omi kì í sábà pariwo. Ẹnu rẹ̀ ń wọ omi, ó ń jáde, kò sì rí èémí tí yóò fi ké. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà, nígbà mìíràn níwájú àwọn tí wọ́n rò pé ọmọ ń ṣeré. Nítorí ìdákẹ́jẹ́ yìí ni àwọn ènìyàn fi máa ń sọ pé ohun kan nínú omi ni ó pè é.

Apá kejì àyẹ̀wò náà ni ti inú omi, kì í sì í ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kan ṣoṣo. Ó gba omi mímọ́ tí wọ́n mọ bí ó ti jìn tó, ẹni tí ó mọ bí wọ́n ti ń yọ ènìyàn nínú omi, àti àkọsílẹ̀ àṣẹ òbí. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kí ọmọ wọ omi. Bí ọmọ bá ní wárápá, kí òbí sọ ọ́ ṣáájú, láìfi pa mọ́; ẹni tí yóò máa wo òun nìkan ni ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Kí ni wọn yóò wò? Kì í ṣe eré sísá. Wọn yóò wò ó bóyá ọmọ lè ri ojú bọ omi láìbẹ̀rù, bóyá ó lè padà sí òkè omi bí orí rẹ̀ bá bọ́ sísàlẹ̀, bóyá ó lè fi ẹ̀yìn léfòó kí ó sì máa mí, bóyá ó lè yí padà láti wá ibi tí etí omi wà, kí ó lúwẹ̀ẹ́ lọ síbẹ̀, kí ó sì gun òkè láìsí àkàbà. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ olùyẹ̀wò máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni ó jọ kòtò yẹ̀pẹ̀ Ọ̀tà jù. Ó sì dára kí ọmọ tí ó ti mọ̀ ọ́n tún ṣe é nínú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, nítorí ẹni tí ó ṣubú sínú gọ́tà nígbà tí ó ń bọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ kò ní ráyè bọ́ aṣọ.

Ní Bangladesh, níbi tí adágún ti pọ̀ láàárín ilé bí àgbàlá, wọn kò dúró de adágún oní-símẹ́ǹtì. Wọ́n fi ọparun ṣe pèpéle sínú adágún abúlé, kí ọmọ má bàa kọjá ibi tí kò jìn. Láàárín ọdún 2006 sí 2010, ọmọ tí ó lé ní 79,000, láti ọmọ ọdún 4 sí 12, ni wọ́n kọ́ ní ọ̀nà yìí. Kí ọmọ tó yege, ó gbọ́dọ̀ lúwẹ̀ẹ́ fún mítà 25, kí ó léfòó fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ó sì mọ bí wọ́n ti ń gba ẹlòmíràn là. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí kò kọ́ ọ, ikú omi láàárín àwọn tí ó kọ́ ọ dín kù ju ìdá 9 nínú 10 lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, mítà 25 ni ètò ẹ̀kọ́ ìjọba là sílẹ̀ kí ọmọ tó kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, mítà 25 nínú omi mímọ́ tí kò ṣàn kì í ṣe mítà 25 nínú àgbàrá. Àwọn àgbà ti wí i pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Nítorí náà, ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò fi ránṣẹ́ sí òbí kò gbọdọ̀ jẹ́ "ó yege" tàbí "ó kùnà". Kí wọ́n kọ ọ́ bí ó ti rí: ó léfòó fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, kò lè gun òkè fúnra rẹ̀, ó mọ kẹ́ẹ̀gì jù, ọjọ́ báyìí ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, nítorí ohun tí ọmọ kò bá ṣe fún ọdún kan a máa fò lọ.

Àwọn òbí kan yóò sọ pé ọmọ tí kò bá mọ ìlúwẹ̀ẹ́ kò ní sún mọ́ odò, pé ẹ̀kọ́ yìí ni yóò mú un lọ. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n òtítọ́ tirẹ̀, òun ni ó fi yẹ kí àyẹ̀wò orí ilẹ̀ ṣáájú ti inú omi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jìn sí kànga kò lọ lúwẹ̀ẹ́. Omi ni wọ́n rán an pọn. Àwọn mìíràn yóò sọ̀rọ̀ nípa ọmọbìnrin. Ní abúlé Nungwi ní Zanzibar, tí ó jẹ́ ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí, wọ́n dá aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tí ó bo ara láti orí dé ẹsẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin, wọ́n sì kọ́ wọn. Kò sí ìdí tí aránṣọ Ọ̀tà kò fi lè rán irú rẹ̀.

Àwọn kan wà tí àyẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ kò kàn rárá: àwọn tí kò tíì tó ọjọ́ orí ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n rìn. Ohun tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ ní Bangladesh ni ilé ìtọ́jú ọmọ tí ó ń ṣí láti aago 9 òwúrọ̀ sí aago 1 ọ̀sán, ní wákàtí tí ọwọ́ ìyá dí jù. Ìyá tí ó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́, tí ó ń sùn ní ọ̀sán, mọ ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ fún òun.

Bí wọ́n bá sì ti yọ ọmọ jáde tí kò mí, kí wọ́n má ṣe dorí rẹ̀ kodò, kí wọ́n má sì tẹ ikùn rẹ̀. Kí wọ́n tẹ́ ẹ lórí ẹ̀yìn, kí wọ́n tẹ orí rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kí wọ́n di imú rẹ̀, kí wọ́n sì fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kò bá jí, kí wọ́n máa tẹ àárín àyà rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ 30, kí wọ́n fẹ́ èémí 2, kí wọ́n sì máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá rí adágún lè bẹ̀rẹ̀ ní táàmù tí ń bọ̀ pẹ̀lú ìwé ìbéèrè, kẹ́ẹ̀gì méjì àti okùn. Kí olùkọ́ àti àwọn onílé àdúgbò yí agbègbè náà ká lọ́jọ́ kan, kí àwọn ọmọ máa fi gbogbo omi tí wọ́n mọ̀ hàn wọ́n, nítorí ọmọ mọ kòtò tí àgbà kò mọ̀. Kí wọ́n yà wọ́n sórí pátákó, kí wọ́n sì kọ orúkọ onílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Ìdérí kànga kò ju pákó, ìdè ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ lọ, káfíńtà sì lè kàn án láàárín ọjọ́ kan.