Àgbà tó Ń Ṣiṣẹ́ ní Àwọn Ìlú Afijió: Ohun tí Wọ́n Ń Sọ àti Ohun tó Wà Ńbẹ̀

Àwọn onímọ̀ nípa iye ènìyàn máa ń sọ pé àwùjọ kan ti ń darúgbó nígbà tí ìpín àwọn tó ti pé ọmọ ọgọ́ta ọdún sókè bá ń pọ̀ sí i láàárín àwọn ará ibẹ̀, yálà nítorí pé ẹ̀mí àwọn ènìyàn ń gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tàbí nítorí pé iye ọmọ tí wọ́n ń bí ti dín kù. Bí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn Nàìjíríà, orílẹ̀-èdè ọ̀dọ́ ni, nítorí pé ó lé ní ìdajì àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, tí àwọn tó ti kọjá ọgọ́ta ọdún kò sì ju nǹkan bí ènìyàn 5 nínú 100 lọ, nígbà tó jẹ́ pé ní Japan, àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30 nínú 100. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni òṣùwọ̀n yìí bò mọ́lẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé 5 nínú 100 ènìyàn ní orílẹ̀-èdè tó tóbi tó Nàìjíríà ju mílíọ̀nù 10 lọ, iye tó pọ̀ ju gbogbo ènìyàn tó wà ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan lọ. Èkejì ni pé ọjọ́ orí kì í pín dọ́gba lórí ilẹ̀, nítorí pé ìlú tó wà láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama tán tí wọ́n sì ń gba ọ̀nà Ìbàdàn tàbí Èkó lọ, lè darúgbó kí orílẹ̀-èdè tó darúgbó. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Fìdítì, Ìlọrà, Awẹ́ àti Akínmọ̀ọ́rìn ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Afijió.

Èrò tó gbajúmọ̀ jù lọ nípa àgbà àti iṣẹ́ ni èyí tí òwe òkété gbé yọ, pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe náà kò purọ́, ṣùgbọ́n ojúṣe ọmọ ló ń sọ, kì í ṣe ìròyìn ohun tí òbí ń fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá sọ ọ́ di ìròyìn yóò rò pé bí irun bá ti funfun, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, ó kù kí àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ó máa retí ohun tí ọmọ yóò fi ránṣẹ́. Ìwádìí tí àjọ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀ gbé jáde lọ́dún 2023 fi hàn pé ó lé ní 92 nínú 100 òṣìṣẹ́ Nàìjíríà tó jẹ́ pé iṣẹ́ aláìníwèé ni wọ́n ń ṣe, ìyẹn iṣẹ́ tí kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì, tí òfin iṣẹ́ kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ọjọ́ ìfẹ̀yìntì kankan. Àgbẹ̀ ọlọ́sàn ní Fìdítì, ìyá tó ń yan gàrí ní Ìlọrà, bíríkìlà, aránṣọ àti onílù, ìgbà tí ara bá kọ̀ ni wọ́n ń fẹ̀yìn tì, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé apá kan iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi sílẹ̀ kí wọ́n tó fi òmíràn sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ àgbà, gẹ́gẹ́ bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ṣe lò ó, ni ẹnikẹ́ni tó ti kọjá ọgọ́ta ọdún tó ṣì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ tàbí iṣẹ́ ọpọlọ wá oúnjẹ òòjọ́.

Kò sí ibi tí èrò pé àgbà kò lè kọ́ nǹkan tuntun ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí ilẹ̀ Afijió tó fáàmù sẹ́túmẹ́ǹtì Ìlọrà, ìyẹn oko ńlá tí ìjọba là sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n kọ́lé sí, tí wọ́n sì pín fún àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n yàn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ ló gbé ètò náà dìde ní ìparí àwọn ọdún 1950, nígbà tí Olóyè Akin Deko jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, àpẹẹrẹ tí wọ́n sì tẹ̀ lé ni ti moshav ní Ísírẹ́lì, níbi tí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ní ilẹ̀ tirẹ̀ ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn ń ra irinṣẹ́ pa pọ̀ tí wọ́n sì ń ta irè oko pa pọ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1955 ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tó ka ìwé mẹ́fà jáde, tí ojú wọn kò sì sí lára ọkọ́ àti àdá bàbá wọn, ìjọba sì rò pé bí wọ́n bá sọ oko di nǹkan ìgbàlódé, àwọn ọ̀dọ́ yìí yóò jókòó. Nítorí náà, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé ni wọ́n kó jọ, wọ́n kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọ̀gbìn fún ọdún méjì, wọ́n sì yá wọn lówó. Àgbẹ̀ tó ti ń ro ilẹ̀ Ìlọrà kí ilé-ìwé tó dé kò sí nínú ìṣirò náà rárá.

Dupe Olatunbosun, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó kọ ìwé lórí bí ìjọba ṣe pa àwọn ará oko tì ní Nàìjíríà, ìwé tó jáde lọ́dún 1975, wà lára àwọn tó ṣàyẹ̀wò ètò yìí, ohun tí òun àti àwọn mìíràn sì rí ni pé owó tí ìjọba ná lórí àgbẹ̀ kan ṣoṣo ní sẹ́túmẹ́ǹtì pọ̀ jọjọ, pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà fi oko sílẹ̀ lọ wá iṣẹ́ ìlú, àti pé àgbẹ̀ lásán tó ń bọ́ ìlú kò rí nǹkan kan gbà. Bẹ́ẹ̀, irú àgbẹ̀ lásán bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gba kòkó, tó jẹ́ irúgbìn àjèjì, ní ìparí sẹ́ńtúrì 19, láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ilé fún wọn. Nígbà tí IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1967, gbé ẹ̀yà gbágùúdá TMS 30572 jáde, ẹ̀yà tó ń ta ju ti àtijọ́ lọ tí àrùn kò sì tètè ń mú, láti oko sí oko ni igi rẹ̀ gbà rìn láàárín àwọn àgbẹ̀, ẹni tó ti gbin gbágùúdá fún ogójì ọdún sì ni ojú rẹ̀ yóò tètè rí i pé èyí yàtọ̀. Àmọ́ èrò àtijọ́ kò kú. Ètò ọ̀dọ́ àgbẹ̀ ti IITA bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012, N-Power, ètò iṣẹ́ ọ̀dọ́ ti ìjọba àpapọ̀, dé lọ́dún 2016 tòun ti gbèdéke ọdún 18 sí 35, ẹni tó bá sì wọ sẹ́túmẹ́ǹtì ní ọmọ ogún ọdún lọ́dún 1960 ti pé ọgọ́rin ọdún ní 2020. Kò burú kí ìjọba ran ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Ohun tó yani lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe ń tún ètò kan náà ṣe láìbi ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ léèrè ìdí tó fi dúró.

Bí iṣẹ́ ṣe ń pín láàárín ọ̀dọ́ àti àgbà hàn kedere ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Àwọn ìyá àgbà ni wọ́n sábà máa ń jókòó ti òkìtì gbágùúdá, tí wọ́n ń bẹ ẹ́, tí ọ̀bẹ kò sì ń dúró bí ẹnu ti ń lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ló ń darí ẹ̀rọ tó ń rin ín, ẹni tó lágbára ló ń yí jáàkì tí wọ́n fi ń fún omi rẹ̀, ẹni tó bá sì lè fara da iná àti èéfín ló ń dúró ti agbada. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tú àpò kúrò lábẹ́ jáàkì, àgbà kan ni yóò ti ọwọ́ bọ ẹnu àpò, yóò fi ìka mẹ́ta fún díẹ̀ níbẹ̀, yóò sì sọ pé ó tó tàbí kò tó. Bí omi bá pọ̀ jù lára rẹ̀, gàrí yóò di kókó nínú agbada. Bí ó bá sì gbẹ jù, kò ní wú dáadáa nínú omi. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nídìí òkìtì ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní Fìdítì, níbi tí oníṣòwò tó ti pẹ́ nídìí ọjà ti ń ya èyí tí ìdí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ Èkó, tó sì ń fi èyí tó ti pọ́n dé àárín sílẹ̀ fún ẹni tó máa jẹ ẹ́ lónìí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ìpín iṣẹ́ ni òwe yìí ń sọ, ó sì sàn ju òwe òkété lọ fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Afijió.

Wọ́n tún máa ń sọ pé àgbà kò ní gbin ohun tó máa pẹ́ kí ó tó so. Ọsàn tako èyí, nítorí pé igi tí wọ́n bá lẹ ojú ọsàn dídùn mọ́ ìdí rẹ̀ máa ń so láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó gbìn ín ní ọgọ́ta ọdún yóò ká a kí ó tó kọjá ọmọ ọdún 65, igi náà yóò sì wà fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní ti pé iṣẹ́ àgbà ń burú sí i, Axel Börsch-Supan àti Matthias Weiss ṣe ìwádìí pẹ̀lú àwọn tó ń to ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀ ní ilé-iṣẹ́ Mercedes ní Jámánì, wọ́n sì rí i pé iṣẹ́ kò fà sẹ́yìn bí ọjọ́ orí ti ń lọ sókè dé ọgọ́ta ọdún. Àṣìṣe àwọn tó dàgbà fi díẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn ọ̀dọ́ lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà ṣe àṣìṣe ńlá tó ń kó ilé-iṣẹ́ sí gbèsè. Ó yẹ kí wọ́n rọra lo ìwádìí yìí, nítorí pé ẹ̀rọ ló ń gbé ohun wúwo níbẹ̀, ọkọ́ ló sì wà ní Ìlọrà. Ebè kíkọ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ kò ṣeé bò mọ́lẹ̀: ẹ̀yìn ọmọ àádọ́rin ọdún kò lè ṣe é bíi ti ọmọ ọdún 25, orúnkún ń dun ni, ojú sì ń ṣe bàìbàì. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé ebè kíkọ ni àgbà sábà máa ń kọ́kọ́ pàdánù nínú iṣẹ́ oko, òun náà sì ṣeé fi owó rà lọ́wọ́ alágbàṣe. Oko àgbà kì í kéré nítorí pé ọgbọ́n oko tán. Owó alágbàṣe ni kò sí.

Ní iṣẹ́ ìjọba, ìṣirò ọjọ́ orí tún gba ọ̀nà mìíràn. Òfin sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba yóò fẹ̀yìn tì ní ọgọ́ta ọdún tàbí lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé; òfin ti 2022 sún ti àwọn olùkọ́ dé 65 tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ti ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ti wà ní 70 láti 2012, àwọn adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga náà sì dé 70 lọ́dún 2023. Ó dà bí ẹni pé ọpọlọ akọ̀wé máa ń gbó ṣáájú ti adájọ́. Àwọn nọ́ńbà yìí kò ti inú ara ènìyàn jáde: nígbà tí Bismarck ṣe òfin owó àgbà ní Jámánì lọ́dún 1889, 70 ló fi ṣe gbèdéke, 1916 ni wọ́n tó gé e sí 65. Ní Nàìjíríà, ọ̀ràn náà tún ní ẹ̀gún kan sí i, nítorí pé 1979 ni òfin tó sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí di dandan káàkiri orílẹ̀-èdè jáde, kí wọ́n tó tún un ṣe lọ́dún 1992. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fẹ̀yìn tì báyìí tàbí tó máa fẹ̀yìn tì láìpẹ́, ìyá wọn fi ọdún òmìnira tàbí ọdún Àgbẹ́kọ̀yà, ìyẹn ìgbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde sí ìjọba, ṣe àmì ìbí wọn, lẹ́yìn náà ni ẹnìkan wá búra ní kóòtù. Ìwé ìbúra ló ń lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, kì í ṣe ọjọ́ orí.

Èrò pé arán ń bá àgbà láìyẹ̀ tún yẹ kí wọ́n fi ìwádìí wò. Arán ni ohun tí àwọn dókítà ń pè ní àrùn ìdàrúdàpọ̀ ọpọlọ, tó ń mú kí ènìyàn gbàgbé ọ̀nà ilé àti orúkọ ọmọ. Láti 1992, àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú Adésọlá Ògúnníyì, àti àwọn ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Hugh Hendrie, fi àwọn àgbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Àbájáde tó jáde lọ́dún 2001 fi hàn pé nínú 100 ẹni tó ti pé ọdún 65 sókè, bí 1.35 ni arán tuntun ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn, tí ti Indianapolis sì jẹ́ 3.24. Ìyàtọ̀ náà ju ìlọ́po méjì lọ, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń dàgbà.

Ó ku ọ̀rọ̀ pé àgbà ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́. Ìwádìí tí Jonathan Gruber àti David Wise kó jọ lọ́dún 2010 láti orílẹ̀-èdè 12 kò rí ibi tí lílé àgbà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ti fún ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní Afijió, òtítọ́ kan wà nínú ẹ̀sùn náà tí ìwádìí àwọn orílẹ̀-èdè olówó kò lè rí: ilẹ̀ ẹbí. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣì ń roko ní ọmọ ọgọ́rin ọdún lè pé ọmọ àádọ́ta ọdún láìní ibi tí yóò fi ara rẹ̀ gbin igi tó ń pẹ́ sí, nítorí pé ẹni tó bá gbin igi ti fẹ́ sọ ilẹ̀ di tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú òfin ìfẹ̀yìntì, inú ìpàdé ẹbí ló wà.

Ní ti owó tí àgbà yóò máa ná, ètò ìfẹ̀yìntì kékeré tí PenCom, àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2019 fún àwọn aláìníwèé gba oníṣòwò láyè nígbà tó bẹ̀rẹ̀ láti máa fi owó pamọ́ bó bá ṣe rí i, tí 40 nínú 100 rẹ̀ ṣeé mú bí ìnáwó bá dé, tí 60 yóò sì dúró de ìgbà ogbó. Ọ̀dọ́ àti ẹni ogójì ọdún ni ó bá mu. Ẹni àádọ́rin ọdún ti pẹ́ jù fún un. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn lọ́dún 2011, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san 5,000 náírà lóṣooṣù fún àwọn kan lára àwọn tó ti pé ọdún 65. Láyé àtijọ́, ọ̀wẹ̀ àti àáró ló ń pèsè ọwọ́ ìrànlọ́wọ́ lóko. Àáró jẹ́ àdéhùn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́, pé ẹni tí wọ́n bá bá ṣiṣẹ́ lónìí yóò bá wọn ṣe lọ́la, nítorí náà ni àgbà fi máa ń jábọ́ nínú rẹ̀, torí kò lè dá agbára padà. Ọ̀wẹ̀ ló ń gbà á, níbi tí àwọn àna àti àwọn ọmọ ẹbí ti ń wá kọ ebè láìgba nǹkan kan ju oúnjẹ àti ọ̀wọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àna ti wà ní Èkó, ọ̀wẹ̀ kò lè pé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló kù ní Fìdítì àti Ìlọrà tó mọ ẹni tó ń san gbèsè àti ẹni tí kì í san. Bí wọ́n bá lè yá àgbà ní owó alágbàṣe kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì fún un ní àkókò tó gùn tó ti gbágùúdá kí ó tó san án, oko náà yóò tóbi tó bí ọgbọ́n ẹni tó ni ín ti tóbi tó.