Ohun Tí Ń Sọ Ọmọ Ènìyàn Di Agbésùnmọ̀mí
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa)

  

Ní ìpàdé tí ó kọjá, ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní kí ẹgbẹ́ ṣe òfin pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ọmọ àlùmájìrí láyè mọ́ nínú ọgbà ilé tàbí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé inú wọn ni àwọn agbésùnmọ̀mí ti ń jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n n kò bínú sí i. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, á sá. Akọ̀wé wa wá bẹ̀ mí kí n sọ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti rí nípa ọ̀ràn yìí kí a tó dìbò.

Ohun kìíní tí ó ya àwọn tí ń wádìí ọkàn ènìyàn lẹ́nu ni pé àwọn apànìyàn wọ̀nyí kì í ṣe wèrè. Obìnrin ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, Martha Crenshaw, ti kọ èyí sílẹ̀ láti 1981. Kì í sì í ṣe ìṣẹ́ nìkan ni ó ń fà á. Ẹ rántí Umar Farouk Abdulmutallab, ọmọ olówó ará Funtua. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti ka ìwé yunifásítì, kò sì bá ẹnikẹ́ni tọrọ ońjẹ rí. Òun ni ó di bọ́ǹbù mọ́ abẹ́ ṣòkòtò wọ bàálù tí ń lọ sí Detroit ní ọjọ́ Kérésìmesì 2009. Ọlọ́run ṣe é, bọ́ǹbù náà kò bú bí ó ti fẹ́. Ẹ má gbàgbé pé bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti lọ sí ilé aṣojú Amẹ́ríkà ní Àbújá ní oṣù kan ṣáájú, ó ní ọmọ òun ti ń yà kúrò lọ́nà. Bàbá mélòó ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Kí ni ń fà á nígbà náà? Ní 1939 àwọn olùkọ́ kan ní Yunifásítì Yale sọ pé bí a bá dí ènìyàn lọ́nà ohun tí ó ń lépa, ìbínú ni yóò bí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ó bá tán síbẹ̀, gbogbo wa ni ì bá ti di apànìyàn. Ní 1970 Ted Gurr tún un ṣe: ó ní kì í ṣe àìní, bí kò ṣe àlàfo tí ó wà láàárín ohun tí ènìyàn rò pé ó tọ́ sí òun àti ohun tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀. Marc Sageman ní tirẹ̀ yẹ ìtàn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ al-Qaeda wò, ó rí i pé ọ̀rẹ́ àti ìbátan ni ó fa ọ̀pọ̀ wọn wọlé. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ àwọn tí ọmọ yín ń bá rìn.

Àwọn tí ń kọ́ nípa ọ̀ràn láàárín ìjọba àti ìjọba ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Wọ́n ní ẹni tí kò lágbára tó láti bá alágbára jìjàkadì ní gbangba a máa tọ́ ọ, kí alágbára lè fi ìbínú lu aláìṣẹ̀, kí ẹbí aláìṣẹ̀ sì lè wá darapọ̀ mọ́ òun. Ẹ wo Maiduguri. Ní July 2009 àwọn sójà mú Mohammed Yusuf, olórí Boko Haram, láàyè, wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ọwọ́ ọlọ́pàá ni ó kú sí, láìdé iwájú adájọ́. Wọ́n rò pé ó ti parí. Nígbà tí ó di 2010, Shekau kó àwọn tí ó kù dìde, wọ́n sì burú ju ti ìṣáájú lọ. Ẹ̀ka Àjọ Àgbáyé tí ń rí sí ìdàgbàsókè bi irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ léèrè ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mélòó kan. Ní 2017 wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde: nínú 100 àwọn tí ó fẹsẹ̀ ara wọn wọ ẹgbẹ́, 71 sọ pé ohun tí ìjọba ṣe, bí i pípa tàbí mímú ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ wọn, ni ó tì wọ́n débẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń gbèjà wọn. Ọmọbìnrin 276 ni wọ́n kó ní Chibok ní April 2014. Kò sí ìwé ọ̀mọ̀wé tí ó lè wẹ èyí nù. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń pa jù? Ní November ọdún kan náà, mọ́ṣáláṣí ńlá Kánò ni wọ́n ju bọ́ǹbù sí, lọ́jọ́ Jímọ̀, ju ọgọ́rùn-ún olùjọsìn lọ ni ó kú. Ní Maiduguri, àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà ni ó mú igi àti àdá ní 2013 láti lé wọn. Àwọn aládùúgbò wa ni a ń wí yìí.

Ọ̀mọ̀wé Albert Bandura ní kí ènìyàn tó lè pa ẹlòmíràn láìkáàánú, yóò kọ́kọ́ fún un lórúkọ tí kì í ṣe ti ènìyàn. Mo gbọ́ “ọmọ ejò” lẹ́ẹ̀mẹta ní ìpàdé tí ó kọjá.

Nítorí náà, mo dábàá pé kí a yọ òfin yẹn kúrò. Kí Alága àti akọ̀wé lọ rí mai-unguwa àti màálámù àdúgbò, kí a mọ orúkọ àwọn ọmọ náà àti ẹni tí ń tọ́jú wọn, kí àwọn náà sì mọ ẹni tí wọn yóò pè láàárín wa bí àlejò àjèjì bá ń kó ọmọ jọ lóru. Alága, ọ̀rọ̀ mi parí, ẹ lè pe ìbò.