Iye Kan Tí Ó Já Ọlọ́gbọ́n Kulẹ̀

Ẹni tí ó bá ní pẹ́ńsùlù nítòsí, kí ó jọ̀wọ́ mú un. Ẹ kọ 2 sílẹ̀. 2 lọ́nà 2 di 4. 4 lọ́nà 4 di 16. 16 lọ́nà 16 di 256. Bẹ́ẹ̀ ni a ó dé 65536, àti 4294967296. Nísisìyí, ẹ fi 1 lé ọ̀kọ̀ọ̀kan: 3, 5, 17, 257, 65537, àti bàbá wọn, 4294967297.

Márùn-ún àkọ́kọ́ kò ṣeé pín láìṣẹ́kù, àfi kí a fi 1 tàbí àwọn tìkára wọn pín wọn. Ní 1640, Fermat, adájọ́ kan ní Toulouse ní ilẹ̀ Faransé, kọ̀wé pé òun gbàgbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn yóò máa rí lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun kò ní ẹ̀rí. Ta ni yóò jókòó ti irú iye ńlá bẹ́ẹ̀ láti pín in?

Ní 1732 ni Euler, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ń ṣiṣẹ́ ní Rọ́ṣíà, fi hàn pé 641 pín in sí 6700417, kò sì ṣẹ́ ẹyọ kan kù.

Iṣẹ́ náà kò tilẹ̀ pọ̀. Euler fi ẹ̀rí hàn lẹ́yìn náà pé iye aláìṣeépín tí yóò bá pín in, bí a bá yọ 1 kúrò nínú rẹ̀, 64 gbọ́dọ̀ lè pín ìyókù. Ẹ wò wọ́n: 193, 257, 449, 577, 641. Ìkarùn-ún ni! Ọdún 92 ni ìṣirò ẹ̀ẹ̀marùn-ún fi ń dúró de ẹni tí yóò ṣe é.

A ti yẹ púpọ̀ wò nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e; títí di òní, a kò tíì rí aláìṣeépín kan lẹ́yìn 65537, kò sì sí ẹni tí ó tíì lè fi ẹ̀rí hàn pé kò sí.