Owó Tí A San, Iṣẹ́ Tí A Rí

Ẹ ní kí n wá sọ bóyá owó-orí tí ìjọba ń gbà máa ń ṣe ará ìlú láǹfààní lóòótọ́. Èsì ìbò méjì ni n óò fi bẹ̀rẹ̀.

Ní 1954, a dìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀. Action Group, tí àwọn àgbà mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re, ló ń ṣèjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, síbẹ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC fẹ̀yìn wọn janlẹ̀ nílé ara wọn. Ọ̀rọ̀ owó wà lára ohun tó fà á. Ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ní kí ẹni tó ń san owó-orí fi nǹkan bí ṣílè mẹ́wàá kún un fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ará ìlú yarí. Èmi kò bá wọn wí. Láti ìgbà tí òyìnbó ti mú owó-orí wọ ilẹ̀ wa, akódà àti àtìmọ́lé ni ọ̀pọ̀ mọ̀ mọ́ ọn, Ogun Adùbí tí àwọn Ẹ̀gbá jà nítorí rẹ̀ ní 1918 kò sì tíì pẹ́ débi tí wọn yóò fi gbàgbé.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954 lé díẹ̀ ní 456,000. Nígbà tí 1955 dé, wọ́n ti lé ní 811,000. Kíláàsì kò tó, ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò tíì gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà rárá. Ṣùgbọ́n ìyá tó wà lábúlé rí ọmọ rẹ̀ tó gbé síléètì lọ sílé ìwé láìsan kọ́bọ̀. Nígbà tí ìbò agbègbè dé ní 1956, Action Group gba àga 48 nínú 80. Àwọn tó kọ̀ wọ́n lọ́dún méjì sẹ́yìn wà lára àwọn tó dìbò yìí. Nítorí náà, nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ pé ará ìlú kò fẹ́ san owó-orí, ọdún méjì yẹn ni mo máa ń rántí. Wọ́n kọ̀ ọ́ nígbà tí wọn kò rí nǹkan kan. Wọ́n fọwọ́ sí i nígbà tí wọ́n rí iṣẹ́ tó ṣe.

Bí mo bá dúró síbẹ̀, ẹ óò pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni n óò ti sọ. Ta ló sanwó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn? Owó-orí san apá kan. Kòkó náà san apá ńlá. Marketing Board tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ kì í fún un ní gbogbo iye tí kòkó náà pa lókè òkun. Wọ́n ń dá apá kan dúró, wọ́n ní torí ọjọ́ tí ọjà bá já wálẹ̀ ni. Nígbà tó yá, ìjọba ń bu nínú owó yìí fún iṣẹ́ ìlú. Owó-orí ni lójú tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí rìsíìtì, kò sì sí akówó-orí tó kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Kò sí àgbẹ̀ tó mọ iye tí òun dá. Ibẹ̀ gan-an ni ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún ìlòkulò owó. Ìgbìmọ̀ ìwádìí Coker tó jókòó ní 1962 rí i pé owó ńlá láti inú àpò Marketing Board gba ọwọ́ ilé-iṣẹ́ National Investment and Properties Company kọjá dé ọ̀dọ̀ Action Group. Ìjọba tó kọ́ ọmọ wa níwèé náà ni, mo sì fẹ́ kí a lè sọ méjèèjì pọ̀ láìfi ọ̀kan bo èkejì.

Ẹ tún wò ó síwájú díẹ̀. Ọmọ tó wọ ilé ìwé lọ́dún 1955 ti dàgbà ní 1968. Ọ̀pọ̀ wọn ti gba ìlú lọ wáṣẹ́, wọ́n fi oko sílẹ̀ fún baba wọn. Baba tí kòkó rẹ̀ sanwó ilé ìwé wá di ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́, ọ̀nà oko rẹ̀ ti bàjẹ́, kò lómi, wolé-wolé sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Orí irú baba báyìí ni ìjọba ológun ìgbà náà tún gbé owó-orí kún, nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ. Ní oṣù kọkànlá 1968, àwọn àgbẹ̀ ya bo Màpó n'Ìbàdàn. Àwọn tí a ń pè ní Àgbẹ̀kọ̀yà, tí Táfà Adéoyè ti Akàǹran wà lára olórí wọn, ní ọgbọ̀n ṣílè ni àwọn yóò san, ìyẹn òkè mẹ́fà. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ayọ̀ọlá gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ẹ̀mí ṣòfò, ti àgbẹ̀, ti ọlọ́pàá, títí dé orí Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n tó dín owó náà kù sí pọ́n-ùn méjì ní 1969.

Àwọn kan ń kọ ọ́ pé iye owó ló bí àwọn àgbẹ̀ nínú. Iye náà ká wọn lára lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n kà sílẹ̀: ọ̀nà, omi, ìwà àwọn tó ń gbowó. Ẹni tó ń ka irú nǹkan báyìí mọ̀ pé owó-orí ní iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe. Ohun tí wọn kò ní ni ọ̀nà láti béèrè láìgbé ìbọn.

Àwọn ìyá wa l'Ábẹ́òkúta ti wá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní ogún ọdún ṣáájú wọn. Ẹgbẹ́ obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti darí ṣe ìwọ́de lórí owó-orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, wọ́n sì sùn sójú àgbàlá ààfin Aláké. Èyí ni gbogbo èèyàn mọ̀. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé wọ́n tún gba oníṣirò owó láti yẹ ìwé ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀ wò. Ìyá ọlọ́jà tí kò kàwé fi owó rẹ̀ gba ẹni tó lè bá a kà á! Ní 1948, ìjọba dá owó-orí obìnrin dúró. Ní 1949, Aláké Adémọ́lá kúrò lórí oyè.

Lónìí, ẹni tó ra ọṣẹ tàbí tó san owó fóònù ń san VAT, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti 2020. Òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2026 yọ ẹni tí owó rẹ̀ lọ́dún kò ju ₦800,000 lọ kúrò nínú owó-orí owó oṣù, mo sì dúpẹ́ fún èyí. Ṣùgbọ́n VAT ń lọ. Nínú rẹ̀, òfin náà ní kí ìjọba àpapọ̀ mú ìdá 10, kí ìpínlẹ̀ mú 55, kí ìjọba ìbílẹ̀ mú 35. Ta nínú wa ló mọ ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀ fi 35 yẹn ṣe? Kòkó ti àtijọ́ náà ló padà dé yìí: owó tí a kò mọ̀ pé a san, a kì í béèrè rẹ̀. Gbèsè náà sì tún ń jẹ nínú owó ìjọba: láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹrin 2022, ìjọba àpapọ̀ fi ₦1.94 tírílíọ̀nù san gbèsè nígbà tí ₦1.63 tírílíọ̀nù péré wọlé fún un. Owó-orí àwọn oṣù wọ̀nyẹn ti tán sórí iṣẹ́ àná, yálà wọ́n ṣe iṣẹ́ náà tàbí wọn kò ṣe é.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín nìyí: owó-orí ń ṣe wá láǹfààní níbi tí ẹni tó san án bá ti lè ka ìwé rẹ̀. A ní òfin tó fún wa láyè láti kà á. Láti 2011, ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba láti béèrè àkọsílẹ̀, kí wọ́n sì fèsì láàárín ọjọ́ méje. Ní 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Mo bẹ ẹgbẹ́ ọjà àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó wà níhìn-ín kí wọ́n mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, bóyá ọ̀nà oko kan tàbí ilé ìgbẹ̀bí kan. Ẹ béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, iye tí wọ́n ti san, àti orúkọ kọngílá tó gbà á. Àpẹẹrẹ lẹ́tà náà wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò dúró títí ilẹ̀ yóò fi ṣú láti bá ẹni tó bá fẹ́ kọ tirẹ̀ kọ ọ́.